Mo fẹ́ máa ṣèwádìí lórí ìdí tí nǹkan fi ń kán: ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Àdùkẹ́Ẹ̀rọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Mo parí mechanical engineering lọ́dún tó kọjá, 4.12 nínú 5 ni mo gbà jáde. Àgùnbánirọ̀ ni mí báyìí ní ìlú kékeré kan ní Ọ̀ṣun, physics ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Iṣẹ́ àṣekágbá tí mo ṣe nílé ìwé ló kó sí mi lórí. A po epoxy, oje kan tó ń le bí ike, mọ́ okùn tí a yọ lára igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, a gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, a wá ń fà á títí ó fi já. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé ìwé wa ti bàjẹ́ tipẹ́, ibòmíràn la gbé e lọ. Bí a ṣe ṣe gbogbo wọn bákan náà tó, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti já. Òmíràn já láàárín, òmíràn já lẹ́nu ibi tí ẹ̀rọ ti dì í mú. Mo bi ọ̀gá wa pé kí ló fà á, wọ́n ní kí n pín in sí dọ́gbadọ́gba kí n kọ average sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ò ti kúrò lọ́kàn mi. Mo fẹ́ di onímọ̀ ìwádìí nínú mechanics, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí agbára ṣe ń mú nǹkan tẹ̀, mì tàbí kán, pàápàá bí nǹkan ṣe ń sán, bó ṣe ń kán, bó ṣe ń já. Bàbá mi ní kí n lọ kọ́ kóòdù bíi ti àwọn ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní àwọn lè yá mi lówó kí n lọ ṣe másítà ọdún kan ní UK. Ẹ̀ka wa nílé ìwé ń wá Graduate Assistant. Ẹnìkan tún sọ fún mi pé èèyàn lè ti dígírì àkọ́kọ́ bọ́ sí PhD ní Amẹ́ríkà láì san kọ́bọ̀. Èwo ni kí n mú? Ẹni tó ti rìn ín ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.

SàǹgóỌ̀tà

Àbúrò, mi ò ní tàn ẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bójú tó ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ kan lágbègbè Ọ̀tà. Bí irin bá kán lọ́dọ̀ wa, wẹ́dà là ń pè. Bí wẹ́dà ò bá rí i ṣe, à ń ra òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ló pa á. Ta ni yóò máa san owó oṣù fún ẹ ní Nàìjíríà pé kó o jókòó máa wo bí nǹkan ṣe ń já? Gbọ́ ti bàbá ẹ. Tó o bá ti lówó lọ́wọ́, ìwádìí ò ní sá lọ.

DúróŃkọ́

Èmi náà ń tẹ̀lé e o. Civil ni tèmi, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí kàn mí. Ẹ má dákẹ́.

ÌyáLáàbù

Ẹ̀gbọ́n SàǹgóỌ̀tà, ẹ má bínú o, mi ò gbà yín gbọ́ níbẹ̀ yẹn. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní November 2021, ṣé wẹ́dà la máa pè síyẹn náà? Páìpù epo tó ń lu, bíríìjì tó ń sán, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ lórí ọ̀nà márosẹ̀, mechanics ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí tí gbogbo ayé mọ̀ sí alátakò ìjọba, iṣẹ́ yìí gan-an ni iṣẹ́ wọn. Zaria ni wọ́n ti gba dígírì àkọ́kọ́, wọ́n gba PhD ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966, wọ́n sì gba DSc, dígírì tó ga ju PhD lọ, níbẹ̀ ní 1974. Ohun tí wọ́n ń ṣírò ni bí ìpìlẹ̀ ṣe ń mì àti bó ṣe ń rì nínú ilẹ̀ tó ń le sí i bí a bá ṣe ń walẹ̀ lọ. UNILAG ni wọ́n ti kọ́ ọmọ títí wọ́n fi kú ní 1984. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ Èkó ló yẹ kó bi wọ́n bóyá ìwádìí wúlò.

Ó wá kan tìẹ, Àdùkẹ́. Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì ìjọba, nítorí náà Graduate Assistant ni màá sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn. Tó o bá gba másítà, o di Assistant Lecturer. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, kó tó wá kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Láìsí PhD, àtẹ̀gùn náà máa dí mọ́ ẹ láìpẹ́. Àǹfààní tó wà níbẹ̀: owó oṣù ń wọlé bó ti wù kó kéré mọ, o máa ṣe másítà lórí iṣẹ́, o wà láàárín àwọn tó ń ṣe ohun tó o fẹ́ ṣe, TETFund, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, sì lè san owó PhD ẹ lókè òkun, kó o wá padà sílé.

Ohun tí wọn kì í sọ fún Graduate Assistant ni pé òun ni wọ́n máa ń di gbogbo ẹrù rù. Kíkọ́ ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní yíyàwòrán, ṣíṣọ́ ìdánwò, kíkó máàkì sórí kọ̀ǹpútà, gbogbo ẹ̀ dọwọ́ ẹ. Ìyanṣẹ́lódì náà wà níbẹ̀. Ti 2022 gbà tó oṣù mẹ́jọ, February sí October, ìjọba sì ti owó oṣù pa. Síbẹ̀ èmi ò kábàámọ̀. Tó o bá fẹ́ fa nǹkan já, o lè lọ bá wọn ní EMDI, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba l'Ákùúrẹ́, ìwádìí lórí irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún.

ÀlàdéLọ́ńdọ̀nù

ÌyáLáàbù, ẹ kú iṣẹ́ mà. Àtúnṣe kékeré kan: TETFund ti dá ti òkè òkun dúró láti 2025. Wọ́n ní owó dọ́là ti gbówó lórí jù, àwọn tí wọ́n rán lọ ò sì padà wálé. Ti abẹ́lé nìkan ló kù. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn gba iṣẹ́ o.

Àdùkẹ́, má yá owó ẹ̀gbọ́n màmá ẹ. Ilẹ̀ yìí ni mo wà. Owó ilé ìwé másítà engineering fún àjèjì sábà máa ń ju £20,000 lọ, o ò tíì jẹun, o ò tíì gbalé. Kíláàsì ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà, oṣù bíi mẹ́ta péré ló kù fún iṣẹ́ àṣekágbá. Ẹni tó fẹ́ wáṣẹ́ lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣèwádìí, gbèsè ló ń rà.

Bó bá jẹ́ UK ló wù ẹ́, PhD tó ní owó ni kó o wá. Owó tí UKRI, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí níbí, là sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ PhD ní 2025/26 jẹ́ £20,780 lọ́dún, kò sì sí owó orí lórí ẹ̀. Láti 2021 ni wọ́n ti ń fún àjèjì náà, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ ju 30 nínú 100 lọ, ìdíje ibẹ̀ le gan-an. Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kì í mọ̀ àfi tó bá ti dójú ẹ̀: ATAS. Ìwé àṣẹ ààbò ni. Ẹ̀kọ́ gíga nínú mechanical, aerospace tàbí ìmọ̀ nípa àwọn ohun èlò wà lára èyí tí wọ́n ń béèrè ẹ̀ fún. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ó lè gba ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsí i o ò lè gba físà. Mo mọ ẹni tí ọjọ́ ìwọlé ré kọjá lórí rẹ̀ nítorí pé ó rò pé ilé ìwé máa bá òun ṣe é.

ÌyáLáàbù

O ṣeun, Àlàdé. Àwọn tó lọ kí wọ́n tó dá a dúró ló wà lọ́kàn mi. PTDF, àjọ ìjọba tó ń fi owó epo rọ̀bì ránni lọ kẹ́kọ̀ọ́, ṣì ń gbé èèyàn lọ o, ìwé ẹ̀rí NYSC sì pọn dandan níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwádìí rẹ gbọ́dọ̀ kan epo rọ̀bì lọ́nà kan. Bí páìpù ṣe ń sán kàn án dáadáa.

ỌmọÌjẹ̀ṣà

Òótọ́ ni pé èèyàn lè ti dígírì àkọ́kọ́ bọ́ sí PhD ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tí èmi gbà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n là á yé e, torí ọ̀pọ̀ ló ń sọ ọ́ bíi pé ẹ̀bùn Kérésì ni.

Kì í sábà jẹ́ ilé ìwé ló ń fún ẹ lówó, ọ̀jọ̀gbọ́n tó o máa bá ṣiṣẹ́ ni. Òun ló kọ̀wé béèrè owó ìwádìí lọ́wọ́ National Science Foundation tàbí àwọn ológun tàbí iléeṣẹ́ ńlá, inú owó yẹn ló ti ń san owó ilé ìwé ẹ àti owó ìjẹun ẹ. Tí kò bá sí, wọ́n á fi ẹ́ ran olùkọ́ lọ́wọ́, o máa máa kọ́ àwọn ọmọ dígírì àkọ́kọ́, o máa máa máàkì. Owó yẹn yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú, $25,000 sí $40,000 lọ́dún ló wọ́pọ̀. O ò ní lówó, ṣùgbọ́n o ò ní jẹ gbèsè.

Nítorí náà, ọ̀jọ̀gbọ́n ni kó o máa wá, fi orúkọ ilé ìwé sílẹ̀. Ka iṣẹ́ ìwádìí bíi méjì tó tẹ̀ jáde láìpẹ́, kó o wá kọ ímeèlì kúkúrú: ohun tó o ti ṣe, ohun tó o rí nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ìbéèrè kan péré. Kò gbọ́dọ̀ sí "I am a hardworking and passionate student" níbẹ̀. Irú ẹ̀ ti sú wọn. Ohun tó o kọ síbí gan-an ni kó o kọ, pé ohun tí ẹ ṣe bákan náà ń já níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn dára ju ẹgbẹ̀rún "passionate" lọ. Mo tún fẹ́ kó o mọ̀ pé èyí tó já lẹ́nu ibi tí ẹ̀rọ ti dì í mú kò yẹ kó wà nínú average yẹn bẹ́ẹ̀ yẹn. Eyín ẹ̀rọ ló ti ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Wá ASTM D3039 kà, òun ni ìlànà fífa irú nǹkan tẹ́ ẹ ṣe. Wàá rí i pé a máa ń lẹ pẹlẹbẹ kékeré mọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì kí ẹ̀rọ tó dì í mú, a sì máa ń kọ irú ìjá àti ibi tó ti já sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ń ti ilẹ̀kùn láàárín December 1 sí January 15 fún ìwọlé ti August. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka engineering ò béèrè GRE, ìdánwò ìwọlé yẹn, mọ́, wo ojú ewé wọn kó o tó náwó. Owó fọ́ọ̀mù lè tó $100 níbòmíràn, béèrè kí wọ́n yọ̀ǹda ẹ fún ẹ, wọ́n máa ń gbà. Tí wọ́n bá ti fún ẹ níwèé pẹ̀lú owó, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká ẹ lójú kò: ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ti fọwọ́ sí i pé o ní títí di April 15 láti dáhùn.

AkinStuttgart

Ẹ̀gbọ́n ỌmọÌjẹ̀ṣà sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò rò pé kí èèyàn fo másítà dára fún gbogbo èèyàn. Nílé, ọ̀pọ̀ wa ò rí tensor, ìṣirò tí wọ́n fi ń ṣe mechanics gíga, sójú rí kí a tó jáde. Èèyàn dé kíláàsì continuum mechanics, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ti kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ìdánwò tó máa sọ bóyá o lè tẹ̀ síwájú sì ń bọ̀ lọ́dún kejì.

Jámánì ni tèmi. Níbí, o gbọ́dọ̀ ní másítà kí o tó bẹ̀rẹ̀ PhD, iṣẹ́ sì ni PhD, kì í ṣe ilé ìwé. Wọ́n á fún ẹ níwèé ìgbanisíṣẹ́, owó oṣù ẹ wà lórí ìpele tí wọ́n ń pè ní TV-L E13. Ní engineering wọ́n sábà máa ń san án ní odindi, ó ju 4,000 euro lọ lóṣù kí wọ́n tó yọ owó orí àti ìtọ́jú ìlera. Másítà fúnra rẹ̀ kò ní owó ilé ìwé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Baden-Württemberg tí mo wà ń gba 1,500 euro ní sáà kan lọ́wọ́ àwa tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù, TU Munich náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba tiwọn. Ibi tó ti ń dun èèyàn ni owó tí o gbọ́dọ̀ fi sí báńkì kí wọ́n tó fún ẹ ní físà, 11,904 euro fún ọdún kan. Owó ẹ ni, wọ́n máa fún ẹ padà díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kí èèyàn tó rí i kó jọ!

Bí ẹ̀gbọ́n màmá ẹ bá fẹ́ yáni lówó lóòótọ́, èyí ni kí wọ́n yá ẹ, kì í ṣe owó ilé ìwé UK.

Ẹ má rò pé ojú ọ̀run mọ́ roro níbí o. Òfin wọn sọ pé o ò lè ṣiṣẹ́ onígbà díẹ̀ ní yunifásítì ju ọdún mẹ́fà kí o tó gba PhD àti ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, o di ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí o bọ́ sí iléeṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ sí iléeṣẹ́. Kọ́ èdè wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Káyọ̀déSimu

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ yìí wálẹ̀. Èmi ò ṣe PhD. Másítà ni mo ní, mo ń ṣe simulation, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà dán nǹkan wò, fún iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀, mò ń jẹun dáadáa. Àdùkẹ́, kọ́ Abaqus, kọ́ ANSYS, àwọn sọ́fítíwià tí a fi ń ṣe é. Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ wà fún akẹ́kọ̀ọ́. Tó o bá ti mọ̀ ọ́n lò, ilé ìwé àti iléeṣẹ́ ló máa ń du ẹ́.

TẹnẹsíLáàbù

Káyọ̀dé, mo gbà pẹ̀lú ẹ títí dé ìlàjì. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ Abaqus ò gba ju 1,000 node (ojúàmì tó ń ṣírò lára nǹkan) lọ, ìyẹn tó láti fi kọ́ṣẹ́, kò tó láti fi ṣèwádìí. CalculiX, sọ́fítíwià irú rẹ̀ mìíràn, kò ní òdiwọ̀n kankan, ọ̀fẹ́ ni, bí Abaqus ṣe ń kọ fáìlì ló ṣe ń kọ tiẹ̀, àwọn ẹlẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ní MTU ní Munich ló sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa sọ́fítíwià ni pé yóò ya àwòrán aláwọ̀ mèremère fún ẹ, ì báà jẹ́ irọ́ lo kọ sínú ẹ̀. Mo ti bá àwọn ọmọ tó mọ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí à ń gbèèyàn síṣẹ́. Tí a bá ní kí wọ́n fi bírò ṣírò ohun tí wọ́n retí kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì, ẹnu á wọhò.

Postdoc ni mí, ìyẹn olùwádìí onígbà díẹ̀ lẹ́yìn PhD, ní láàbù ìjọba kan ní gúúsù Amẹ́ríkà. Mò ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn PhD, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ ọ́ níbí. Ọ̀nà tó wà kì í ṣe ẹyọ kan. O lè di ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n iye àwọn tó ń jáde pọ̀ ju iye àga tó wà lọ. O lè jẹ́ research scientist ní yunifásítì, orúkọ ńlá, àmọ́ lórí owó ìwádìí ẹlòmíràn ni ìjókòó ẹ wà, ọjọ́ tí owó bá tán, iṣẹ́ tán. O lè lọ sí iléeṣẹ́. O sì lè wá sí láàbù ìjọba bíi tèmi, ibẹ̀ ni mechanics ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ Nàìjíríà ti máa ń kọsẹ̀.

Láàbù ìjọba bíi Sandia, Los Alamos, Livermore, iṣẹ́ ohun ìjà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fẹ́ fún ọ̀pọ̀ rẹ̀. Láàbù Oak Ridge àti Argonne ń gba àjèjì sí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú àti rọ́kẹ́ẹ̀tì, òfin ITAR tó ń ṣọ́ ìmọ̀ ohun ìjà dè wọ́n, wọn ò lè fi àwòrán iṣẹ́ hàn ẹ́ àyàfi tó o bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tàbí o ní green card. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ gbà ẹ́ bá jẹ́ pé owó ológun nìkan ló ń ná, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní kedere bóyá àjèjì lè ṣe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn PhD, o ní oṣù 36 láti fi físà akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́. Yunifásítì àti iléeṣẹ́ ìwádìí tí kì í ṣe ti èrè kò sí nínú tẹ́tẹ́ tí wọ́n fi ń pín H-1B, físà iṣẹ́, ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ físà Amẹ́ríkà fún ọmọ Nàìjíríà kò dúró sójú kan lásìkò yìí. Wo ojú ewé ẹ́ńbásì kó o tó san owó fọ́ọ̀mù kankan, kó o sì kọ̀wé sí Yúróòpù náà nígbà kan náà.

Ẹni tó bá ń bi ẹ́ pé báwo ni ìrìn náà ṣe máa ń rí, sọ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Soboyejo fún un. Dígírì àkọ́kọ́ ní King's College Lọ́ńdọ̀nù, PhD ní Cambridge ní 1988, ó bọ́ sí láàbù ìwádìí McDonnell Douglas tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ó lọ kọ́ni ní Ohio State, ó dé Princeton, ó wá ṣe olórí African University of Science and Technology l'Ábùjá, kó tó tún padà sí Amẹ́ríkà. Bí irin ṣe ń sán ló fi wọ inú iṣẹ́ náà.

Ní báyìí tó o ṣì wà ní Ọ̀ṣun, wá rúlà irin kan. Fi kíláǹpù dè é mọ́ etí tábìlì, jẹ́ kí 250 milimita yọ síta. Wọn ibi tí orí rẹ̀ wà. So 100 gíráàmù mọ́ orí náà, tún wọ̀n ọ́n. Ṣírò bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó pẹ̀lú PL³/3EI: P ni ẹrù, L ni gígùn tó yọ síta, E ni bí irin ṣe le tó (200 GPa), I wá láti inú fífẹ̀ àti nípọn rúlà. Lẹ́yìn náà ṣe rúlà kan náà nínú CalculiX. Gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó o sọ ìdí tí wọn ò fi bá ara wọn mu.

ỌmọÌjẹ̀ṣà

"Ìdí tí wọn ò fi bá ara wọn mu." Iṣẹ́ wa pátápátá nìyẹn 😂

AbílékọFẹ́múAkàwé

Mo fẹ́ fi èyí kún un fún DúróŃkọ́ àti àwọn tó ń kà á. Fulbright, owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, dára, ó ń san gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wọ́n máa ní kó o padà sílé fún ọdún méjì kó o tó lè gba H-1B tàbí green card. Ẹni tó bá fẹ́ padà sílé, ó bá a mu. Ẹni tó bá ń rò pé òun á dúró, kó ronú kó tó fọwọ́ sí i.

Àdùkẹ́Ẹ̀rọ

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n gbogbo. Mo ti rí rúlà irin kan nínú láàbù physics, kíláǹpù lọ́wọ́ káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 25 milimita, wọ́n kọ 1 milimita sí i pé ó nípọn tó. Ìṣirò fún mi ní 12.3 milimita. CalculiX náà fún mi ní 12.3, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n orí tábìlì, ó ń sọ̀ kalẹ̀ tó milimita 17. Mo tún un ṣe, ibì kan náà ló dé. Mo wá so pure water kan mọ́ ọn dípò 100 gíráàmù, ìyẹn nǹkan bíi 500 gíráàmù, ó sọ̀ kalẹ̀ tó 75. Kíláǹpù ló ń yọ̀ ni àbí?

AkinStuttgart

Ó lè jẹ́ kíláǹpù. Pákó tábìlì máa ń tẹ̀. Fi irin pẹlẹbẹ sí abẹ́ àti orí rúlà kó o tó fún un pa.

TẹnẹsíLáàbù

Kíláǹpù lè ní ọwọ́ níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ni màá kọ́kọ́ mú. Ṣé o wọn bí rúlà náà ṣe nípọn tó, àbí ohun tí wọ́n kọ sí i lo gbà gbọ́? Micrometer screw gauge kò lè ṣàìsí nínú láàbù physics, òun lẹ̀ ń kọ́ àwọn SS2. Nípọn × nípọn × nípọn ló wà nínú I fọ́múlà yẹn. Bó bá jẹ́ 0.9 ni dípò 1, 12.3 ẹ á di 16.8. Bí CalculiX ṣe bá ìṣirò ẹ mu kò túmọ̀ sí nǹkan kan, torí irọ́ kan náà lo fún àwọn méjèèjì jẹ.

Àdùkẹ́Ẹ̀rọ

0.90 ni, sà! Mo wọ̀n ọ́n láti orí dé ìdí. Mo fi irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀gbọ́n Akin sọ sí i náà, kò yí padà tó nǹkan. Èyí tó kù ni ti pure water. Pẹ̀lú 0.90, fọ́múlà ní 84, èmi rí 75.

TẹnẹsíLáàbù

Fọ́múlà yẹn gbà pé rúlà kò tẹ̀ púpọ̀. Ó ti tẹ̀ ju ìdá mẹ́rin gígùn rẹ̀ lọ, orí rẹ̀ ti ń sún mọ́ tábìlì, ọwọ́ tí ẹrù náà fi ń fà á ti kúrú. Ohun tó o rí ló tọ̀nà. Nínú CalculiX, kọ NLGEOM, àṣẹ tó ní kó ka títẹ̀ ńlá sí, sí ìgbésẹ̀ rẹ, wàá rí i pé yóò bá tábìlì mu. Kọ gbogbo ẹ̀ sí ojú ìwé méjì pẹ̀lú fọ́tò, èyí tí kò bá ara mu ni kó o fi síwájú. Ìyẹn ni kó o so mọ́ ímeèlì tí ỌmọÌjẹ̀ṣà sọ.

Káyọ̀déSimu

Ọ̀gá, mo ti gbọ́. Mo ń lọ wọn rúlà tèmi báyìí.

ÌyáLáàbù

Àdùkẹ́, ṣé o ti kọ̀wé béèrè transcript? Bẹ̀rẹ̀ lónìí, má dúró de December. Nílé ìwé wa níbí, ó lè jókòó sórí tábìlì ẹnìkan fún oṣù bíi mélòó kan láìsí ẹni tó mọ̀. Sanwó rẹ̀, tọ́jú rìsíìtì, kó o sì bẹ ẹnìkan tó wà nítòsí kó máa lọ yọjú síbẹ̀. Àwọn tó máa kọ lẹ́tà fún ẹ náà, fún wọn ní ojú ìwé méjì yẹn kí wọ́n rí nǹkan sọ. Ní ti iṣẹ́ Graduate Assistant, kọ̀wé gbà á. Tí ọ̀kan nínú àwọn ti òkè òkun bá bọ́ sí i, o lè fi í sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó o kò bá tíì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ kankan.

SàǹgóỌ̀tà

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ó dáa. Èmi náà ní ìbéèrè kan kí ẹ tó tú ká. Ṣáàfútì kan, ọ̀pá irin tó ń yí, wà lọ́dọ̀ wa tó ń kán ní gbogbo ìgbà, ibì kan náà ló sì máa ń kán sí, níbi tí wọ́n gbẹ́ ihò kíì sí, irin kékeré tó ń di ṣáàfútì mọ́ ohun tó ń yí. A ti ra èyí tó nípọn jù, ó tún kán. Ojú ibi tó kán, apá kan dán, ó ní ìlà wẹ́wẹ́ bí ẹni yí òrùka ká òrùka, apá kejì rí ṣákaṣàka. Kí lèyí ń sọ?

ÌyáLáàbù

Háà, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ẹrù ńlá ọjọ́ kan ló kán an. Igun ihò kíì yẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ó ń sán díẹ̀díẹ̀ bí ṣáàfútì ṣe ń yí, ìyẹn ni ibi tó dán tó ní òrùka. Apá tó rí ṣákaṣàka ni èyí tó já lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ohun tó kù ò tó láti gbé ẹrù mọ́. Bí ibi ṣákaṣàka náà bá kéré, ẹrù kò pọ̀ jù, igun ihò ló mú jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ kó yípo díẹ̀ nísàlẹ̀ dípò kó mú ṣánṣán. Bó bá tóbi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ẹrù àti bóyá ẹ̀rọ méjèèjì tó dojú kọ ara wọn wà ní títọ́. Ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ wá. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà fọ ojú rẹ̀ o, ẹ má sì gbé apá méjèèjì pọ̀ mọ́ra láti wò ó bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ẹ máa pa ìlà náà rẹ́. Ẹ fi epo díẹ̀ ra á, kí ẹ wé e sínú ọ̀rá.

SàǹgóỌ̀tà

Wẹ́dà ti ń lọ dì í pọ̀ nígbà tí mo ń kàwé yìí. Mo ti ní kó fi í sílẹ̀. Fọ́tò ń bọ̀ lọ́la, ìmọ́lẹ̀ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù báyìí.

Àdùkẹ́Ẹ̀rọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú fọ́tò náà kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ṣé mo lè wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé?